Wíǹṣì Ọkọ Mi àti Bàálù Àlejò

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń dáhùn pé àwọn àgbàlagbà ni mò ń jù sókè. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Odidi ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó sínú àgò onírin kan lẹ́yìn ìlú Esie, tí mò ń fi ẹ́ńjìnnì tíípà fa wáyà, tí ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì kankan sì ń gun wáyà náà lọ sójú ọ̀run. Gíláídà ni àwọn tó kàwé ń pè é. Àwọn ará oko tó yí wa ká ní àwòdì aláìlóhùn ni. Ohun tó bá wu kálukú ni kó pè é. Èmi ṣáà mọ bó ṣe wúwo tó.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn náà. Alhaji ni gbogbo wa ń pè é. Ó fi ọgbọ̀n ọdún tún bàálù ṣe lókè òkun. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó mọ́tò wálé, gíláídà oníjókòó méjì lòun kó sínú kọ̀ǹtéńà. Ilẹ̀ ìdílé kan wà tó ti ṣá, tí iṣu kò ta níbẹ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n fi katapílà tẹ́ ẹ. Ọkọ mi, tó jẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù ní Ọ̀mù-Àrán, ló ní kó wá ohun tí yóò fà á gòkè. Ọkọ mi mú ẹ́ńjìnnì tíípà kan tí wọ́n ti pa tì, ó rọ kẹ̀kẹ́ irin ńlá tí wáyà yóò máa wé mọ́, ó sì fi irin hun àgò yí ìjókòó ká kí wáyà tó bá já má baà gé awakọ̀ lórí. Ohun tí wọ́n ń pè ní wíǹṣì nìyẹn. Òun ló ń wà á, èmi ni mò ń na sípánà sí i, torí ogún ọdún ni mo ti fi ni ẹ̀rọ ìlọta, mo mọ ohùn ẹ́ńjìnnì bí mo ṣe mọ ohùn àwọn ọmọ mi.

Kò pé ọdún méjì tí àìsàn fi mú ọkọ mi lọ. Nígbà tí mo parí opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, Alhaji wá kí mi nílé. Ó jókòó títí. Ìgbà tó ń dìde lọ ló ní, "Ìyàwó, wíǹṣì yẹn kò gbọdọ̀ dákẹ́ o." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Kò ní dákẹ́, sà." Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo jókòó sínú àgò náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, torí àwọn tí kò rí i rí máa ń rò pé ọkọ̀ ọ̀hún ń fò fúnra rẹ̀. Pápá wa gùn tó kìlómítà kan, ilẹ̀ pupa ni, igi káṣú ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kan, oko ẹ̀gẹ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Wíǹṣì wà ní ìpẹ̀kun kan, gíláídà wà ní ìpẹ̀kun kejì, wáyà sì nà gbọọrọ láàárín wọn. Tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láti Esie ló ń dúró lẹ́bàá apá ọkọ̀ náà pẹ̀lú pátákó pupa lọ́wọ́. Bó bá ń fì pátákó náà síwá sẹ́yìn nísàlẹ̀, kí n rọra fa wáyà kó le. Bó bá gbé e sókè orí tó ń jù ú, kí n fún ẹ́ńjìnnì níná dáadáa. Bí mi ò bá rí pátákó mọ́, kí n tẹ́tí sí rédíò alágbèéká tó wà nítan mi, torí ẹni tó wà nínú gíláídà náà ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Bí rédíò náà bá dákẹ́, kí n pa iná. Ọkọ mi fi ọ̀dà kọ òfin yìí sára páànù iwájú ìjókòó. Láti ibi tí mo jókòó sí, tíṣà kò ju èèrà lọ, pátákó rẹ̀ kò sì tó èékánná mi.

Bí mo bá fún un níná, ìṣẹ́jú kan kò ní í pé tí ọkọ̀ náà á fi wà lókè orí mi. Awakọ̀ rẹ̀ á já wáyà sílẹ̀, èmi á máa sáré wé e kó tó balẹ̀ sínú oko olóko, ọ̀kadà á wá wọ́ ẹnu rẹ̀ padà sí ìpẹ̀kun kejì. Bí àwọn tó wà lókè bá rí ibi tí ooru ilẹ̀ ti ń gòkè, níbi àpáta tí àwọn àwòdì ti ń yí po, wọ́n á bá àwòdì yí po fún wákàtí kan. Bí wọn ò bá rí i, ìṣẹ́jú mẹ́fà kò ní í pé tí wọ́n á tún ti balẹ̀, tí wọ́n á ní kí n tún àwọn jù. Wíǹṣì kò mọ ju ibẹ̀ lọ. Ó ń gbé ọ dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ìyókù di ọwọ́ rẹ àti ọwọ́ Ọlọ́run. Mo ti bá wọn gòkè lẹ́ẹ̀mejì rí. Mo bì nígbà méjèèjì, mo sì sọ fún wọn pé ilẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn.

Ariwo ẹ́ńjìnnì yẹn ló jẹ etí mi. Kò jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan. Bí ìgbà tí ikán ń jẹ òpó ilé ni. Ohùn ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ìrun àárọ̀, tí mo fi ń sùn kọjá ìpè ládàánì. Ọmọ mi obìnrin á pè mí lórí fóònù láti Ìlọrin, èmi á máa ní "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n" títí yóò fi dágbére. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ètè. Bí ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Èjìká ọ̀tún mi tí mo fi ń fa lífà ìfúnníná ń dùn mí ní tirẹ̀, ojú mi ń ṣomi, òógùn á bò mí láti òwúrọ̀ títí di ìrun alásàárì. Ó rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí débi pé bí Jímọ̀ bá ti ń lọ sópin, àyà mi á máa wúwo nítorí Sátidé.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò sọ. Ìyàwó ilé ni mí. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, mo ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìyàwó ni mí lójú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Bó bá bi mí pé, "Ìyàwó, ṣé kò rẹ̀ ọ́?", ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: "Rárá o, sà. Ẹ̀yin náà ńkọ́?" Wíǹṣì yẹn sì ni ohun kan ṣoṣo tí àbúrò rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tó ṣì ń mí láyé. Ta ni èmi tí n ó dúró níwájú rẹ̀ pé kí wọ́n gbé e jù nù?

Báyìí ni mo dákẹ́, tí ara mi sì bá mi dákẹ́, títí di Sátidé kan lẹ́yìn ọyẹ́. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Alhaji jókòó sẹ́yìn nínú gíláídà, nọ́ọ̀sì kan láti Ọ̀mù-Àrán tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ náà jókòó síwájú. Mo rí i tí pátákó tíṣà ń fì nísàlẹ̀, mo fa wáyà kó le. Pátákó gòkè, mo fún un níná. Ọkọ̀ náà sáré, ó kúrò nílẹ̀, imú rẹ̀ sì ń gòkè. Ìgbà tí mo tún wòye, mi ò rí pátákó mọ́. Mi ò rí tíṣà gan-an mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bàbá ìyàwó tíṣà, àgbẹ̀ oníṣu láti Ìsánlú-Ìsin, ti ń gbọ́ ọ́ tipẹ́ pé àna òun kì í gbélé lọ́jọ́ Sátidé. Ó gun ọ̀kadà wá fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń gbé e jáde. Ẹ̀yìn tíṣà gan-an ló ti sọ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ níbí o." Tíṣà mọ ohùn náà. Ọkùnrin kì í dúró kí bàbá ìyàwó rẹ̀. Ló bá na gbalaja sílẹ̀ lórí erùpẹ̀ pupa, pátákó wà lábẹ́ àyà rẹ̀, ó ń kí wọn kú ọ̀nà, ó ń béèrè ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹni méjì wà lẹ́nu wáyà lójú òfuurufú.

Èmi ò mọ ìyẹn nígbà náà. Mo ṣe bí òfin ṣe wí. Mo tẹ́tí sí rédíò, mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo pa iná.

Gíláídà náà ti ga tó orí ọ̀pẹ. Nígbà tí wáyà dẹ̀, mo rí i tó fì díẹ̀ bí ẹni tí òòyì ń kọ́. Alhaji tẹ imú rẹ̀ sísàlẹ̀ kíákíá, ó sì fi ìdí ọkọ̀ náà gbá ilẹ̀ ní àárín pápá. Táyà rẹ̀ bẹ́. Nọ́ọ̀sì fi eyín gé ahọ́n, Alhaji di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, kò lè dìde fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ẹni tó kú. Mo sáré débẹ̀.

Ìdí igi káṣú ni a ti ṣe ìpàdé ìbínú. Wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé orí rẹ pé ṣá? Ènìyàn wà lókè!" Tíṣà ní, "Bàbá ìyàwó mi ni. Ṣé kí n máa ju pátákó sí wọn lójú ni?" Bàbá náà fúnra rẹ̀ dá sí i, ó ní bí kò bá dọ̀bálẹ̀ ni, òun ì bá mú ọmọ òun padà sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Ni ẹ̀rín bá bẹ́. Àwọn tó ń bínú pàápàá gbà pé ọ̀rọ̀ àna kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Alhaji nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyàwó, mo pè ọ́ lórí rédíò. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ní, 'Máa fà, máa fà.'"

Gbogbo ojú wo rédíò ọwọ́ mi. Ẹnì kan ní bátìrì rẹ̀ ló ti kú. Ẹnu mi là, mo sì gbọ́ ara mi nínú agbárí mi tí mo ń wí pé, "Ó lè jẹ́ bátìrì, sà." Bátìrì tuntun ni. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi í sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tíṣà gbé pátákó náà kalẹ̀ sídìí igi, kò sì wá mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é ní Tíṣà Ìdọ̀bálẹ̀. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́nà ọjà, yóò kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, èmi á sì máa wo bàtà mi. Ojú ń tì mí gan-an.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí Alhaji fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, awakọ̀ bàálù tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọkùnrin náà fò wá nínú bàálù kékeré kan tí wọ́n ń fi fa gíláídà. Ó ní ibi tí òun wà ti sú òun, pé bí a bá fẹ́, òun á wá máa gbé ní Ọ̀mù-Àrán, òun á máa fà wá ní gbogbo Sátidé. Ọjọ́ méjì lòun fẹ́ lò kí a wò ó. Ṣùgbọ́n kí a fún òun lésì kí òun tó lọ, torí àwọn mìíràn ń dúró de òun.

Mo jókòó sórí ẹní lábẹ́ káṣú lọ́jọ́ náà, mo ń wò wọ́n. Wọ́n fi okùn gígùn kan so gíláídà mọ́ ìrù bàálù. Àwọn méjèèjì jọ sáré, gíláídà kọ́kọ́ dìde díẹ̀, bàálù tẹ̀ lé e, wọ́n sì jọ rọra ń lọ bí àgbà tó mú ọmọ lọ́wọ́ gba ojú pópó kọjá. Kò sí jíjá sókè lójijì, kò sí ìfòyà. Ó mú un lọ tààrà sórí àpáta níbi tí àwọn àwòdì wà, ó gbé e ga ju ibi tí wíǹṣì lè gbé e dé ní ìlọ́po méjì, kó tó fi í sílẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń lọ fi kẹ́ẹ̀gì gbé epo rẹ̀, epo dísẹ́ẹ̀lì tí wíǹṣì ń lò sì wà ní gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà. Lóòótọ́, bí awakọ̀ bàálù bá ń ṣàìsàn, gbogbo pápá á ṣàìsàn pẹ̀lú rẹ̀. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí pátákó, kò sí èmi. Mo sùn lọ lórí ẹní mi lọ́sàn-án gangan. Oorun yẹn dùn. Mo jí, mo sì ní nínú ara mi pé, alhamdulillahi, ó ti parí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni a pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alhaji: àlejò wa, nọ́ọ̀sì, àwọn bíi mẹ́rin mìíràn tó ń fò pẹ̀lú wa. Mo ti tún ọ̀rọ̀ mi tò láti ilé. N ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, n ó ní wíǹṣì ti ṣe tirẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ó sinmi, kí èmi náà sinmi. Ọ̀rọ̀ etí mi, mo gbà pé n kò ní í sọ ọ́ rárá. Bàálù á bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Alhaji kò jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ìwọ lo ni wíǹṣì. Kí la ó ṣe?" Ó tún fi nǹkan kún un, ó yíjú sí àlejò láàárín ọ̀rọ̀ náà, èmi ò sì rí ètè rẹ̀. Ìgbà tó tún yíjú sí mi, ohun tí mo rí mú ni "àbúrò mi". Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀.

Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ mí nítorí wíǹṣì àbúrò rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ, ṣùgbọ́n tèmi là, ó sì jẹ gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Kò tíì rẹ wíǹṣì ọkọ mi, sà. Kò tíì rẹ èmi náà. Bàálù dára, ṣùgbọ́n àlejò ni. Àlejò á lọ, onílé á kù." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì wá dì mọ́ mi. Alhaji wò mí fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti tán. Kí ìrun ọ̀sán tó pé, bàálù náà ti gbéra. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀, àyà mi ló ń gbọ̀n rìrì bó ṣe ń kọjá lórí ilé. Mo wọ yàrá mi lọ, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n lù.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo padà sínú àgò. Alhaji nìkan ló fẹ́ fò. Nọ́ọ̀sì ló gba pátákó, torí kò tíì sí ẹni tó dípò tíṣà. Ọlọ́kadà wa ti wọ́ wáyà dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí a tó fà, Alhaji á máa pè mí lórí rédíò pé, "Ìyàwó, ṣé ò ń gbọ́ mi?", èmi á dáhùn pé, "Mò ń gbọ́ yín, sà." Mo ti wá ọgbọ́n sí ìyẹn. Iná pupa kékeré kan wà lórí rédíò náà tó máa ń tàn bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀. Bó bá ti tàn tó kú, èmi á dáhùn.

Iná náà tàn. Mo ní, "Mò ń gbọ́ yín, sà." Ó tún tàn. Mo tún ní, "Mò ń gbọ́ yín, sà." Mo wo ọ̀kánkán, mo rí pátákó tó ń fì síwá sẹ́yìn nísàlẹ̀. Mo rọra fa wáyà kó le.

Eruku sọ lọ́hùn-ún. Mo rí nǹkan dúdú kan tó ṣubú lulẹ̀, tí wáyà ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo sì rí ènìyàn tó fò sẹ́yìn. Mo pa iná. Ọ̀kadà ni. Ẹnu wáyà ti lọ́ mọ́ táyà ẹ̀yìn rẹ̀, ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń tú u, nọ́ọ̀sì ń fi pátákó sọ fún un pé kó yára. Ohun tí Alhaji ń sọ lórí rédíò, bí wọ́n ṣe wá sọ fún mi lẹ́yìn náà, ni pé, "Má tíì fà o. Ọwọ́ ènìyàn wà nínú wáyà." Èmi sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì pé mò ń gbọ́.

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ wíǹṣì, mo jáde nínú àgò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wọ́n fi ọ̀kadà mìíràn wá pàdé mi lójú ọ̀nà, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rìn. Kìlómítà kan kò gùn fún ẹni tó ti ń lọ sóko láti kékeré, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo rò pé n kò ní débẹ̀. Ọlọ́kadà jókòó sílẹ̀, ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rẹ̀ síwájú, ó ń wò wọ́n. Mo kí i kú ewu. Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́bàá gíláídà, níbi tí Alhaji ṣì wà lórí ìjókòó pẹ̀lú bẹ́líìtì láyà.

Mo ní, "Alhaji, etí mi ti lọ."

Ó kọjú sí mi dáadáa. "Láti ìgbà wo?"

"Kí òjò èṣí tó dá, sà."

"Ọjọ́ tí tíṣà dọ̀bálẹ̀ ńkọ́?"

"Bátìrì tuntun ló wà nínú rédíò yẹn. Èmi ni mi ò gbọ́ yín. Èmi ni mo sọ yín mọ́lẹ̀, tí mo sì jẹ́ kí tíṣà ru ú."

 Nọ́ọ̀sì ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Alhaji fi ẹ̀ka èdè ilé wa sọ̀rọ̀, ó rọra ń sọ ọ́ kí n lè rí i. "Kí ló dé tí o fi sọ ohun tí o sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi?"

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní wíǹṣì náà kò gbọdọ̀ dákẹ́."

"Èmi?"

"Lọ́jọ́ tí mo parí opó, sà."

Ó dijú. Mo rò pé inú ló ń bí i. "Ìyàwó," ó ní, "mo bá ọ nínú òkùnkùn yàrá, o ti gbẹ bí igi. Ẹ̀rù bà mí pé ìwọ ló kàn. Mo ń wá ohun tí yóò gbé ọ jáde. Wallahi, n kò fẹ́ràn wíǹṣì yẹn rí. Bó ṣe ń já mi sókè ló ba ẹ̀yìn mi jẹ́. Láti ọdún mélòó ni mo ti ń retí kí o ní ó tó! Nítorí rẹ ni mo fi pe bàálù. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé àbúrò mi ti lọ, kí o má torí rẹ̀ pa ara rẹ. Lo bá kúnlẹ̀, lo ní kò tíì rẹ̀ ọ́. Ṣé kí n wá gba ohun tí ọkọ rẹ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ níṣojú àlejò ni?"

Inú bí mi. N kò mọ ẹni tí mò ń bínú sí, bóyá òun ni, bóyá èmi, bóyá ìwà ọmọlúàbí tí wọ́n fi tọ́ àwa méjèèjì. Ọdún mọ́kànlá! Etí mi, ẹ̀yìn rẹ̀, ìtìjú tó bá tíṣà, ìka ọlọ́kadà tó kù díẹ̀ kó lọ. Kò sì sí ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀rọ náà nínú wa. Mo ní, "Ẹ pè é padà, sà." Ó mi orí. Ó ní ọjọ́ Ajé ni àwọn mìíràn tó ń dúró dè é ti gbà á, pé ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ bá wọn.

A kì í fi àgbà sílẹ̀ lórí ìjókòó. Mo tú bẹ́líìtì rẹ̀, mo fi èjìká òsì mi tí kò dùn mí gbé e, ó sì rọra ń jáde. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́bàá etí mi níbẹ̀.

"Mi ò gbọ́, sà."

Ó di èjìká mi mú, ó yí mi padà kí n lè rí ojú rẹ̀. "Mo ní, ta ni yóò wá máa fà wá sókè báyìí?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà. Kì í ṣe èmi."

Mo fi kọ́kọ́rọ́ náà lé e lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, kò tíì sí ẹni tó gòkè ní pápá wa.